Olú Ara Igi: Bí A Ṣe Ń Dá Wọn Mọ̀

Olú tí mo ń sọ níhìn-ín ni èyí tó ń hù lára igi, kì í ṣe ti ilẹ̀. Ẹ mọ mẹ́ta yìí dájú.

Olú ọ̀pẹ: Ara ọ̀pẹ tí a gé lulẹ̀, tó ń jẹrà, ló ń hù sí. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó rí bí ẹyin. Bó bá là, orí rẹ̀ a ní àwọ̀ eérú, àpò a sì kù ní ìdí rẹ̀. Abẹ́ orí rẹ̀ a kọ́kọ́ funfun, lẹ́yìn náà a pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Jíjẹ ni.

Ẹsẹ̀ adìyẹ: Ó kéré, ó dà bí abẹ̀bẹ̀ lára igi gbígbẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó nírun. Àwọn ìlà abẹ́ rẹ̀ là sí méjì-méjì. Ọ̀gbẹlẹ̀ a mú un gbẹ, òjò a tún jí i. Jíjẹ ni, ṣùgbọ́n ó yi. Ó gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí iná.

Olú líle ìdí ọ̀pẹ: Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Ganoderma. Ó le bí igi, kì í ṣe jíjẹ. Abẹ́ rẹ̀ kún fún ihò wínníwínní. Bí ẹ bá rí i ní ìdí ọ̀pẹ tó ṣì wà láàyè, inú ọ̀pẹ náà ti ń jẹrà. Kí ẹnikẹ́ni má gùn ún mọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀pẹ tí ẹ ti ń ká ikin.

Nígbà tí mo ń kọ́ Ifá, ọ̀gá mi rán mi lọ ṣa olú ọ̀pẹ. Mo ṣa ti ara ọ̀pẹ, mo tún ṣa ti ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí wọ́n jọra. Àbúrò mi jẹ nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti dá a dùbúlẹ̀. Ilé ìwòsàn la gbé e lọ. Orí ló yọ ọ́. Ọ̀gá mi ní, “Ifá ò ní kí o di ojú rẹ bí o bá ń ṣa olú.”

Láti ìgbà náà, mo máa ń gé orí olú, mo ń dà á bo pépà títí di ọjọ́ kejì. Lúbúlúbú olú ọ̀pẹ a pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ẹ dà á nù. Bó bá pọ́n náà, àmì kan ṣoṣo kò tó: ẹ wo igi tó hù sí, ẹ wo ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi han àgbà tó ti ń ṣa á.

Pé kòkòrò jẹ ẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Sísè kì í sì í pa gbogbo oró. Ẹ má sì da ọ̀pẹ̀lẹ̀ nítorí ohun tí ojú lè rí. Abèèrè kì í ṣìnà. Kí Ifá ó gbè wá o.