Nígbà Tí Gbàǹjo Wọ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìtàn kan wà tí àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà gbé kiri ní ìparí àwọn ọdún 1990. Wọ́n ní Pierre Omidyar dá eBay sílẹ̀ nítorí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tó ń kó àwọn ike kéékèèké tí súìtì Pez máa ń wà nínú wọn jọ, tí kò sì rí ẹni tí yóò bá a ṣe pàṣípààrọ̀. Ìtàn náà dùn létí, ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, ó sì rọrùn láti rántí. Wọ́n kàn hun ún ni. Mary Lou Song, tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà bójú tó àwọn akọ̀ròyìn, ló hun ún ní 1997 nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ àlàyé nípa ọjà tí gbogbo ènìyàn ti dọ́gba. Òótọ́ ni pé àfẹ́sọ́nà Omidyar fẹ́ràn Pez, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló bí eBay. Ọdún 2002 ni àṣírí tú, nínú ìwé tí Adam Cohen kọ nípa ilé-iṣẹ́ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò ní ìfẹ́ kankan nínú. Paris ni wọ́n bí Omidyar sí ní 1967, ọmọ Ìráànì làwọn òbí rẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe ní California. Ohun tó ń bí i nínú ni bí àwọn ọlọ́rọ̀ tó súnmọ́ ilé-iṣẹ́ ṣe máa ń ra ìpín ìdókòwò ní owó pọ́ọ́kú, tí iye rẹ̀ á sì ti gbówó lórí kó tó kan mẹ̀kúnnù. Nígbà ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án 1995, ó jókòó sílé, ó kọ ètò kan tí ẹnikẹ́ni lè fi gbé ẹrù rẹ̀ síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó bá fẹ́ ẹ máa fi owó lé e lójú gbogbo ayé. AuctionWeb ló pè é. Ó di 1997 kí wọ́n tó máa pe ọjà náà ní eBay.

Ọ̀kan nínú ohun àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ tà níbẹ̀ ni iná lésà kékeré kan, irú èyí tí olùkọ́ fi ń tọ́ka sí ara ògiri. Ó ti bàjẹ́, Omidyar sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Dọ́là kan ló ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó lọ ní dọ́là 14.83. Ẹnu ya onílésà, ló bá kọ̀wé bi ẹni tó rà á léèrè bóyá ó mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún ti bàjẹ́. Onítọ̀hún fèsì pé lésà tó ti bàjẹ́ gan-an lòun ń kó jọ.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń parí rẹ̀ síbẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé oríṣiríṣi ènìyàn ló wà láyé. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ lésà fífọ́ kò lè gbé e kúrò ní dọ́là kan. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó ń fi kún un. Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: òǹrajà á sọ iye tó pọ̀ jù tí agbára rẹ̀ ká fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì máa bá a ná an, kò ní san ju ìwọ̀n tó fi díẹ̀ ga ju ti ẹnìkejì lọ. Ẹnìkejì tí kò rí ọjà gbé lọ sílé ló wá ń dá iye lé ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ohun tí à ń fẹ́ dà nù fi ń di owó ńlá, ẹnìkejì yẹn ni kó máa wá.

Gbàǹjo kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹrù ẹni tó jẹ gbèsè, ọjà tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbẹ́sẹ̀ lé, àga àti bẹ́ẹ̀dì òyìnbó tó ń padà sílùú rẹ̀, wọ́n ti lù wọ́n ní gbàǹjo rí. Èyí tó wúni lórí jù nínú ìtàn wa wáyé ní Freetown. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí wọ́n ń pè ní Àkú ní Sierra Leone, a máa dá owó jọ ra ẹrù inú ọkọ̀ tí ilé-ẹjọ́ bá gbà. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń rà. Ní 1839, àwọn oníṣòwò Àkú àti Hausa gbéra ní Freetown, ó di Àgbádárìgì, nínú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Queen Victoria. Ọkọ̀ ẹrú ni tẹ́lẹ̀. Irú ọkọ̀ tó kó wọn kúrò nílé ni wọ́n fi padà wálé.

Ní Freetown, ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ lè fọwọ́ kan pákó rẹ̀, kó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àlejò ló ń fi owó ránṣẹ́ sí àlejò, ẹrù á sì wá lẹ́yìn, bó bá máa wá. Gbogbo ọgbọ́n tí Omidyar dá lẹ́yìn tí ọjà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló dá lé. Ní oṣù Kejì 1996, ó ṣí pátákó kan tí òǹrajà àti òǹtajà ti lè jẹ́rìí ara wọn: ẹni tó ṣe dáadáa, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tó rẹ́ ẹlòmíràn jẹ, kí wọ́n kọ ìyẹn náà. Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà lọ. Lórí eBay, orúkọ rere ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni bó bá ti ń na ọwọ́ sọ́jà.

Láàárín àkókò kan náà, ilé-iṣẹ́ tó gbé ojú-òpó rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ owó oṣooṣù rẹ̀ di dọ́là 250, dípò 30 tó ń san. Èrò ti pọ̀ jù. Omidyar wá ní kí àwọn òǹtajà máa fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀ lára ohun tí wọ́n bá pa. Kò sẹ́ni tó ń fi ipá gbà á, síbẹ̀ àpòòwé ń rọ́ wọlé, ṣéèkì wà nínú òmíràn, owó ẹyọ wà nínú òmíràn. Kò pẹ́ tó fi fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, tí alábàáṣiṣẹ́ kan, Jeff Skoll, sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 1998, ilé-iṣẹ́ náà ta ìpín rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní dọ́là 18 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti kọjá 47.

Ohun tó gbé e débẹ̀ kì í ṣe kọ̀ǹpútà tàbí wúrà. Beanie Babies ni, àwọn ẹranko aláṣọ kéékèèké tí wọ́n fi hóró ike kún inú wọn. Ilé-iṣẹ́ Ty Warner ń tà wọ́n ní nǹkan bíi dọ́là márùn-ún ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì máa ń kéde lójijì pé òun kò ní ṣe irú kan mọ́. Bó bá ti kéde, àwọn tó ní i nílé á gbé e lọ sórí eBay. Ní 1997, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tí wọ́n tà níbẹ̀ ló jẹ́ Beanie Babies, iye tó sì máa ń lọ kò jìnnà sí 30 dọ́là. Àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí fi ike bo àmì tó wà létí rẹ̀ kó má bàa ká. Ní 1999, tọkọtaya kan tó kọ ara wọn sílẹ̀ ní Las Vegas kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ́ọ̀tù níwájú adájọ́, wọ́n ń pín tiwọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Nígbà tí kálukú ti ń kó o pamọ́ de ọjọ́ iwájú, kò sí ọmọdé tó bà á jẹ́, kò sí èyí tó sọnù, gbogbo ilé ló ní. Gbogbo ènìyàn di òǹtajà, ẹnìkejì kò sí mọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, ohun tí wọ́n rò pé yóò rán ọmọ ní yunifásítì kò tó owó tí wọ́n máa fi fi í ránṣẹ́.

Ìwé àwòrán Action Comics àkọ́kọ́ gba ọ̀nà òdìkejì. Ní 1938, sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni wọ́n ń tà á, inú rẹ̀ sì ni Superman ti kọ́kọ́ fara hàn. Ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ọmọdé kà á, wọ́n fà á ya, ìyá wọn kó o dà nù. Ìdí nìyí tí èyí tó kù fi níye lórí. Ẹnì kan ní West Virginia ra ọ̀kan tuntun, ó sì tì í mọ́ inú àpótí igi kédárì, níbi tí òtútù àti òkùnkùn ti tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kẹjọ 2014, wọ́n tà á lórí eBay ní dọ́là 3,207,852. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ìwé àwòrán ló gba owó yẹn, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ tì í mọ́ àpótí. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí, tí àwọn ìwé ìròyìn kì í sì í fẹ́ sọ: owó tó ń yani lẹ́nu, ọwọ́ ẹni tó mọ ohun tó ń tà ló sábà máa ń bọ́ sí.

Ti búrẹ́dì yíyan oníwàràkàṣì tí obìnrin kan ní Florida tà ní dọ́là 28,000 ní 2004, nítorí ó ní ojú Màríà Wúńdíá wà lára rẹ̀, ẹ̀yà mìíràn ni. Ó ti tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ilé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ló rà á, ariwo tí búrẹ́dì náà fà nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n sì ń ra gan-an. Ìpolówó olówó pọ́ọ́kú ni fún wọn.

Èyí tó kan ilé wa jù kò ṣẹlẹ̀ lórí eBay. Ní 1971, Ben Enwonwu, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, ya àwòrán obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń gbé ní Èkó, ó sì pe àwòrán náà ní Christine. Ẹbí obìnrin náà gbé e kọ́ ògiri ní Texas fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìmọ̀ pé ó ju àwòrán ìyá wọn lọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi orúkọ tí ayàwòrán kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá nǹkan lórí Google. Wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́ sí ilé gbàǹjo Sotheby's nípasẹ̀ ojú-òpó tí wọ́n ti ń díye lé ẹrù lọ́fẹ̀ẹ́. Iye tí wọ́n dá lé e kò ju pọ́n-ùn 150,000 lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2019, wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní London, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn.

Ta ni ẹnìkejì níbẹ̀? Ọdún tó ṣáájú ti fi hàn. Tutu, àwòrán Adétutù Adémilúyì ti ìdílé ọba Ilé-Ifẹ̀ tí Enwonwu kan náà yà, ni wọ́n ṣàdédé rí nínú ilé kan ní London, lọ́wọ́ ẹbí tí kò mọ̀ bó ṣe níye lórí tó. Ilé gbàǹjo Bonhams tà á ní pọ́n-ùn mílíọ̀nù 1.2 ní oṣù Kejì 2018, wọ́n sì fi ètò náà hàn ní tààrà fún àwọn olówó tó péjọ sí Èkó. Bí kò bá sí àwọn ará Nàìjíríà tó ń bá ara wọn du iṣẹ́ Enwonwu, ara ògiri ni àwọn àwòrán wọ̀nyẹn ì bá ṣì wà.

Ní ti ọjà àlòkù orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, kò gba ọ̀nà gbàǹjo. PayPal, ètò ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí eBay rà ní 2002, kò ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà títí di 2014, ìyẹn náà sì jẹ́ láti máa fi owó ránṣẹ́ síta, kì í ṣe láti gbà á. Ọdún 2014 yẹn ni ojú-òpó ọjà Jiji bẹ̀rẹ̀. Ní 2019 ó ra ojú-òpó OLX ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan. Níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ta jẹnẹrétọ̀ á kọ iye rẹ̀, á fi nọ́ńbà fóònù síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á pè é, wọ́n á sì nájà bí wọ́n ṣe ń nájà ní ọjà Balógun. Ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó wọn. Wọ́n fẹ́ fojú rí i, kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún kó pariwo létí wọn kí owó tó yọ lápò.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jápa ló ń tú ilé wọn tà báyìí: àga, bẹ́ẹ̀dì, tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ lórí Jiji tàbí lórí WhatsApp. Owó ìyanu kì í sábà sí níbẹ̀. Ìlú kan náà ni òǹtajà àti òǹrajà wà, àwọn méjèèjì mọ iye tí tòkunbọ̀ irú rẹ̀ ń lọ ní ọjà Àlàbá, òǹrajà sì tún mọ̀ pé òǹtajà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Á kàn ṣe sùúrù títí di ọ̀sẹ̀ tó máa wọkọ̀ òfuurufú, kó tó wá pè é padà.