"Kò Bá A Lára Mu": Ìtàn Bí A Ṣe Ń Mọ Oúnjẹ Tí Ara Ọmọdé Kọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ àti ẹ̀yin òǹkàwé wa gbogbo, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀, iṣẹ́ wa ṣáà nìyẹn.

Bí ìyá kan bá ní oúnjẹ kan "kò bá ọmọ òun lára mu", kí ló ń sọ gan-an? Ó lè jẹ́ pé inú ọmọ kò lè da mílíìkì. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ náà ti bàjẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ara ọmọ náà ń bá oúnjẹ jà bí ẹni ń bá ọ̀tá jà. Ti ìkẹyìn yìí nìkan ni áléjì. Kì í sì í ṣe èèwọ̀ o: ìdílé tàbí òrìṣà ló ń fi èèwọ̀ lélẹ̀.

Clemens von Pirquet, dókítà àwọn ọmọdé ní Vienna, ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà ní 1906. Inú èdè Gíríìkì ló ti fa á yọ: *allos*, "òmíràn", àti *ergon*, "iṣẹ́". Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ara tó ti bá nǹkan pàdé rí lè yí ìṣe rẹ̀ padà, yálà fún ààbò tàbí fún ìpalára. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìtumọ̀ rẹ̀ wá kù sí ìpalára nìkan.

Ní 1912, Oscar Schloss ní New York kọ̀wé nípa ọmọ kan tí ara rẹ̀ kọ ẹyin, álímọ́ńdì àti óòtì. Ó ha awọ ara ọmọ náà díẹ̀, ó fi oúnjẹ kàn án, ojú ibẹ̀ sì wú. Ní 1921, Prausnitz gba omi inú ẹ̀jẹ̀ Küstner, ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹja, ó fi abẹ́rẹ́ fà á sí awọ ara òun fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi èròjà ẹja síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó wú. Àṣé inú ẹ̀jẹ̀ ni nǹkan náà wà! Láàárín 1966 sí 1968, tọkọtaya Ishizaka ní Amẹ́ríkà, àti Johansson pẹ̀lú Bennich ní Sweden, tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí. IgE ni wọ́n sọ ọ́.

Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe dé nìyẹn, àṣìṣe tuntun sì bá a dé. Àyẹ̀wò lè fi hàn pé ara ọmọ ti mọ ẹyin, síbẹ̀ kí ọmọ náà jẹ ẹyin kí nǹkan kan má ṣe é. Ẹlẹ́rìí ni àyẹ̀wò, kì í ṣe adájọ́. Ní 1976, Charles May ní Denver fi oúnjẹ pamọ́ sínú kápúsù fún àwọn ọmọ oníkọ́ ásímà. Ọmọ kò mọ ohun tó gbé mì, dókítà náà kò mọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ní oúnjẹ kan ń dà láàmú ni ohunkóhun kò ṣe. Títí dòní, fífún ọmọ ní oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lójú dókítà ni àyẹ̀wò tó dájú jù.

Ṣé àṣìṣe yìí tilẹ̀ ń pa ẹnikẹ́ni lára? Ó ń pa á lára. Ní 2000, àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gba àwọn òbí tí áléjì wà nídìílé wọn nímọ̀ràn pé kí ọmọ má jẹ ẹ̀pà títí di ọdún mẹ́ta. Ní 2008 wọ́n yí ohùn padà. Ní 2015, Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London gbé èsì ìwádìí lórí ọmọ ọwọ́ 640 jáde. Nínú àwọn tí awọ ara wọn kò wú níbẹ̀rẹ̀, 13.7% àwọn tí wọ́n fi ẹ̀pà dù ló ní áléjì ẹ̀pà nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún, 1.9% péré ni nínú àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ìdíwọ́ tí a fi ń dáàbò bo ọmọ lè di ohun tó kó bá a.

Ẹ má ṣe dán an wò nílé o: ọmọ tí ètè rẹ̀ wú tàbí tí èémí rẹ̀ há lẹ́yìn oúnjẹ, ilé ìwòsàn ló yẹ kó sáré dé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kàn ní "kò bá a lára mu", ẹ bi í: kí ló jẹ, báwo ló ti pẹ́ tó kó tó bẹ̀rẹ̀, kí lẹ rí, ṣé ó tún rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà, kí ẹ tó gba ẹyin kúrò lẹ́nu ọmọ.