Iṣẹ́ Ìsìn Àwọn Olùkọ́ Orin ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà ní, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, àjèjé ọwọ́ kan kò sì gbé ẹrù dé orí. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu tó olùkọ́ orin. Olùkọ́ ìṣirò lè dá ìṣirò ṣe lójú pátákó kí àwọn ọmọ sì máa wò ó. Ṣùgbọ́n olùkọ́ orin tí ó bá dá orin kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìgbà tí ó bá pa ẹnu mọ́, tí orin kò sì dákẹ́, ni iṣẹ́ rẹ̀ tó yọrí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ rí. Ìtàn àwọn olùkọ́ orin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi èyí hàn kedere: bí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, bí àwọn aṣáájú wọn ti sìn láìgba owó, àti bí ó ti pẹ́ tó kí ẹgbẹ́ náà tó mọ̀ pé ohùn kan kù nínú orin òun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orin kọ dáradára ní Amẹ́ríkà a máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí ó san owó fún olùkọ́ tí ń kọ́ni ní alẹ́. Orin kò sí lára ẹ̀kọ́ tí ìlú Boston ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lowell Mason, ẹni tí a bí ní ọdún 1792, ni ó tẹnu mọ́ ọn pé gbogbo ọmọ ni ó lè kọrin bí a bá kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọ ti lè kàwé. Títí di òní ni ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà ń fi ohùn tí ọkùnrin yìí ṣe kọ orin ìyìn láì mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1837, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ Boston gbà pé kí a dán ẹ̀kọ́ orin wò, ṣùgbọ́n àwọn tí owó ìlú wà ní ìkáwọ́ wọn kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún un. Mason kò jókòó de owó. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Hawes, ó sì fi odidi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1838, àwọn ọmọ náà kọrin níwájú àwọn ará ìlú. Kí oṣù náà tó parí, ìgbìmọ̀ ti pàṣẹ pé kí orin di ara ẹ̀kọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú Boston.

Láti Boston ni ẹ̀kọ́ orin ti tàn dé àwọn ìlú mìíràn. Àwọn ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí yan alábòójútó ẹ̀kọ́ orin, ẹni tí ń lọ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan dé èkejì, tí ń fi ọ̀nà han àwọn olùkọ́ kíláàsì, tí àwọn olùkọ́ náà yóò sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ títí yóò fi padà dé. Iṣẹ́ yìí níyì, ṣùgbọ́n kò ní ẹlẹgbẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, alábòójútó kan ṣoṣo ni ó wà. Bí ọ̀nà kan kò bá gún, kò sí ẹni tí yóò bi léèrè. Bí ọ̀nà kan bá sì gún, kò sí ẹni tí yóò bá a yọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1857, ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún orin ní ọdún 1884. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹgbẹ́ ńlá náà, ọ̀rọ̀ orin kì í gba àkókò púpọ̀.

Àjálù ni ó ṣí ọ̀nà tuntun. Ìlú San Francisco ni ẹgbẹ́ ńlá náà fẹ́ ti ṣe ìpàdé ọdún 1906. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ilẹ̀ mì tìtì ní ìlú náà, iná sì jó ohun tí ó ṣẹ́ kù, ìpàdé náà kò sì lè wáyé mọ́. Los Angeles ni a fi ìpàdé ọdún 1907 sí, ọ̀nà sì jìn láti ibẹ̀ sí ibi tí púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ orin wà. Nígbà náà ni Philip Cady Hayden kọ ìwé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Hayden ni alábòójútó ẹ̀kọ́ orin ní Keokuk, ìlú kékeré kan ní etí odò Mississippi ní ìpínlẹ̀ Iowa. Òun náà ni ó ń tẹ ìwé ìròyìn kan jáde fún àwọn olùkọ́ orin láti ọdún 1900. Ohun tí ó pè wọ́n sí kò le: kí wọ́n wá wo bí òun ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwọ̀n àti ìṣísẹ̀ orin, kí wọ́n sì jíròrò lórí rẹ̀.

Ó yẹ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáradára. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kì í fẹ́ kí olùkọ́ mìíràn dúró ní ẹ̀yìn kíláàsì òun. Ẹni tí ó bá pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ fún wọn láti yìn tàbí láti bù kù. Ilẹ̀kùn kíláàsì tí a ṣí sílẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ yìí.

Ìpàdé Keokuk bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10, ó sì parí ní ọjọ́ 12, oṣù kẹrin ọdún 1907. Obìnrin ni ó jókòó sí àga alága: Frances Elliott Clark, alábòójútó ẹ̀kọ́ orin ní ìlú Milwaukee. Ní àkókò náà, òfin kò tíì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin Amẹ́ríkà ní àṣẹ láti dìbò. Ọdún 1920 ni àṣẹ náà tó kárí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀ ọkùnrin àti obìnrin jùmọ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tí ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Ottumwa, obìnrin yìí a máa yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú àkókò ìdánrawò orin láti sọ ìtàn àwọn tí ó ṣe orin náà fún àwọn ọmọ. Nígbà tí ó ṣe, ó mú gírámófóònù àti àwo orin wọ inú kíláàsì, kí ọmọ tí kò lè dé ibi tí àwọn ọ̀gá akọrin wà lè gbọ́ ohùn wọn. Ní ọdún 1911, ilé-iṣẹ́ Victor, tí ń ṣe gírámófóònù, pè é láti wá dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún wọn.

Kí àwọn àlejò tó túká ní Keokuk, ènìyàn 69 ti fi orúkọ sílẹ̀ láti dá ẹgbẹ́ kalẹ̀. Wọ́n tún pàdé ní Indianapolis ní ọdún 1909. Ní Cincinnati ní ọdún 1910, wọ́n fi ọwọ́ sí òfin ẹgbẹ́. Láti ìgbà náà lọ ni a ti rí irú iṣẹ́ ìsìn tí ó mú ẹgbẹ́ dúró. Ní ọdún 1913, wọ́n tẹ ìwé pélébé kan tí orin 18 wà nínú rẹ̀, kí àwọn ará ìlú tí kì í ṣe akọrin lè máa pàdé kọrin pọ̀; nígbà tí ó di ọdún 1917, orin inú rẹ̀ ti di 55. Ní ọdún 1914, Peter Dykema bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Wisconsin ni ó ń jẹ, ṣùgbọ́n ó gba iṣẹ́ olóòtú mọ́ ọn láìgba owó. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ orin, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ tàbí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Alábòójútó tí ó dá wà ní ìlú kékeré wá ní ẹni tí yóò bi léèrè. Ó di ọdún 1930 kí ẹgbẹ́ tó ní akọ̀wé àgbà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́.

Ní ọdún 1926, Joseph Maddy kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jọ sí ìlú Detroit, wọ́n sì lu orin pọ̀ níwájú àwọn olùkọ́ orin tí ń ṣe ìpàdé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di èyí tí àwọn ẹgbẹ́ olùkọ́ orin ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ mọ ohun tí èyí gbà. Olùkọ́ a kọ́ni láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ní alẹ́ a jókòó ti lẹ́tà: ta ni yóò gba àwọn ọmọ sùn, ta ni yóò mú wọn wá, ta ni yóò tọ́jú dùùrù. Orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà wọ inú ìwé ìtàn. Ní ọdún 1940, ẹgbẹ́ tí ó ti ìpàdé Keokuk dìde di ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ ńlá àwọn olùkọ́ gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò pé bí a bá dúró níbí. Ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà, òfin ya ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹgbẹ́ olùkọ́ náà sì pín sí méjì. Olùkọ́ orin tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú lè mọ iṣẹ́ tó ẹnikẹ́ni, kí ó sì máà rí àga jókòó nínú ẹgbẹ́ olùkọ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ dúdú kò torí èyí káwọ́ gbera. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1904, wọ́n sì dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀.

Ohun tí irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe ti hàn ṣáájú ìpàdé Keokuk. Ní ìlú Jacksonville, ní ìpínlẹ̀ Florida, James Weldon Johnson ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Stanton, tí í ṣe ti àwọn ọmọ dúdú. Àbúrò rẹ̀, John Rosamond Johnson, ti kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Boston, ó sì padà wá sí ìlú rẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ. Ní oṣù kejì ọdún 1900, àwọn ará ìlú fẹ́ ṣe àjọ̀dún ọjọ́ ìbí Abraham Lincoln, ààrẹ tí ó kéde òmìnira fún àwọn ẹrú. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin, àbúrò fi ohùn sí i, 500 ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì kọ ọ́. Orúkọ orin náà ni Lift Every Voice and Sing.

Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi kó lọ sí New York, tí wọ́n sì gbájú mọ́ iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ọmọ náà kò jẹ́ kí orin náà kú. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ; wọ́n gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn; púpọ̀ nínú wọn di olùkọ́, wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ tiwọn. Láàárín ogún ọdún, orin náà ti tàn ká gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1919, ẹgbẹ́ ńlá tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú sọ ọ́ di orin tirẹ̀. A mọ orúkọ àwọn tí ó ṣe orin náà. Àwọn tí ó gbé e dé ibi tí ó dé jẹ́ olùkọ́ ọmọ kékeré tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ní ọdún 1954, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé yíya ilé-ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ kò bá òfin orílẹ̀-èdè mu. Ọdún 1966 ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ dúdú àti ẹgbẹ́ ńlá tó di ọ̀kan. Ní ọdún 1967, àwọn olùkọ́ orin pàdé ní Tanglewood ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n sì fi ẹnu kò pé orin gbogbo ènìyàn ni ó yẹ ní ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe ti Yúróòpù nìkan. Síbẹ̀ ìpinnu rọrùn ju ìṣe lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ olùkọ́ orin ṣe ìpàdé ní Atlanta ní ọdún 1972, àwọn olùkọ́ dúdú rí i pé àyè tí a fi sílẹ̀ fún wọn kò tó nǹkan. Wọn kò bínú jáde. Níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́, láti máa ṣọ́ orin àwọn ènìyàn wọn àti láti máa rán ẹgbẹ́ létí ohun tí ó sọ.

Kí ni ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni tí a bá fi ṣe olórí àwọn olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ kankan? Mason fi ọdún kan sìn kí ó tó gba àṣẹ. Hayden ṣí kíláàsì rẹ̀ kí ó tó ní ẹgbẹ́. Dykema fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹni tí kò san owó ẹgbẹ́. Nínú gbogbo wọn, iṣẹ́ ni ó ṣáájú oyè. Níbi tí ẹgbẹ́ náà sì ti kùnà, ohun kan náà ni ó fà á: a pe ara wa ní akọrin, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó mọ orin. Ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gé ọ̀kan sọnù kò ní lè lu ìlù rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Olórí tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé, kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tí kò tíì rí àga jókòó nínú ìpàdé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó dákẹ́ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ orin ti ń ṣe, kí ó sì fetí sílẹ̀ bóyá orin ń lọ. Ní Jacksonville, àwọn olùkọ́ méjèèjì ti lọ. Àwọn ọmọ ṣì ń kọrin.