Ohun tó ń pe ọmọ Koko wálé lóṣù kẹjọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí àwa ọmọ Koko, ní àgbègbè Bantè nílẹ̀ Benin, máa ń wálé, ebè ni kó lọ wò. Ebè lábókò ni mò ń sọ, iṣu funfun tó ń tètè gbó, tí a máa ń gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a ó sì fi koríko gbígbẹ dé lórí kí oòrùn má baà jó èbù inú rẹ̀. Bí oṣù keje bá ti ń parí lọ, ara ebè á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Iṣu ti ń wú nínú ilẹ̀ nìyẹn. Kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dé Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Èkó, tí olúkúlùkù yóò sì máa bi ara wọn pé ọjọ́ wo lẹ ń lọ.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, kì í yé pè mí: “Màmá, ẹ wá lóṣù kẹjọ, ìgbà yẹn ni ojú ọjọ́ dára. Ká jọ rìn kiri àwọn ìlú tó wà níbí, kẹ́ ẹ tọ́ wàrà àti búrẹ́dì wọn wò.” Mo ní mo gbọ́, kó mú oṣù mìíràn. Ní oṣù kẹjọ, èmi náà ní àwọn ìlú tí mò ń kó àwọn ọmọ-ọmọ mi rìn. A ó kúrò ní Kútọnu ní ìdájí, a ó gba Bohicon kọjá, a ó dúró ní Ìdààṣà, a ó sùn ní Savalou, lẹ́yìn náà Bantè, lẹ́yìn náà Koko. Kò síbi tí a kì í ti í jẹun. Àwọn ọmọ rò pé bí ayé ṣe rí láti ìwáṣẹ̀ nìyẹn, pé ìdílé kàn máa ń kó sínú ọkọ̀ lọ jẹ iyán ni. Rárá o. Ìrìn yìí kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Iṣu ló dàgbà jù nínú ohun tó bí i. Ìṣà là ń sọ ní Koko àti ní Bantè, ó sì bá Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ ní Atakpamé, ní Togo, tan. Àwọn àgbà wa ní Ilé-Ifẹ̀ la ti ṣẹ̀ wá. Nílé ìyá mi, ọmọdé kì í fọwọ́ kan iṣu tuntun kí àwọn àgbà tó fún àwọn tó ti lọ nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá yọ́ ọ jẹ, ebi ni yóò sùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka èyí sí èèwọ̀ lásán, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń wa lábókò. Àgbẹ̀ kì í fà á tu. Á fọwọ́ kó erùpẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè díẹ̀díẹ̀, á fi ọ̀bẹ gé iṣu náà lábẹ́ orí rẹ̀, á fi orí àti ìtàkùn sílẹ̀, á sì kó erùpẹ̀ náà padà. Ìtàkùn kò ní kú. Bó bá di oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá, orí yẹn á ti so àwọn kéékèèké mìíràn, àwọn sì ni èbù ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá kánjú wà á nígbà tí kò tíì gbó, ó ba oúnjẹ ọdún yìí jẹ́, ó sì ba èbù jẹ́ mọ́ ọn. Lójú tèmi, àwọn tó fi òfin yẹn lélẹ̀ mọ ìwà ebi dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé bí oúnjẹ bá ti wọ́n, ọwọ́ èèyàn á máa wá ebè láàárín òru, àyàfi bó bá mọ̀ pé òkú ọ̀run ń wo òun.

Láyé àtijọ́, iṣu wà, ọdún rẹ̀ wà, ìrìnàjò ni kò sí. Ta ni yóò gbé ọmọ kéékèèké rìn láti Bantè lọ sí Savalou nítorí oúnjẹ nígbà tí ogun Àgbómẹ̀ ń gòkè wá kó èèyàn nílẹ̀ Màhì àti nílẹ̀ Nàgó? Orí àwọn àpáta Ìdààṣà tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi fóònù ya àwòrán wọn, ibi ìsádi ni wọ́n jẹ́ nígbà náà. Ní 1845, John Duncan, ará Scotland kan, rin ilẹ̀ Màhì já, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀. Gẹ́zò, ọba Àgbómẹ̀ láti 1818 sí 1858, ló fún un láṣẹ láti kọjá. Obìnrin Koko tó pọn ọmọ sẹ́yìn kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ ogun Faransé, lábẹ́ ọ̀gágun wọn, Dodds, wọ Àgbómẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1892. Béhanzin, ọba Àgbómẹ̀, fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní oṣù kìíní 1894. Ogun tán, owó orí dé. Savalou di ibùjókòó ọ̀gá òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè, ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn bàbá wa ló fi ọkọ́ àti agbọ̀n la ọ̀nà yẹn, iṣẹ́ tipátipá ni, kò sí owó ọ̀yà. Ó di 1946 kí òfin tó fòpin sí i. Rélùwéè ní tirẹ̀ gba Ìdààṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou, kò yà sọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, rélùwéè ni títí dé Ìdààṣà, lẹ́yìn náà orí ẹrù nínú lọ́rì, eruku pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, inú igbó lẹ máa sùn. Àwọn ọmọ tó ń ráhùn lórí ọ̀dà lónìí pé ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ kò tutù tó, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n jókòó lórí àpò iṣu náà fún ìdajì wákàtí péré.

Ìsinmi ni ohun kejì, Paris ló sì ti wá. Ní 1936, ìjọba Front Populaire ṣòfin níbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi lọ́dún, kí ọ̀gá sì san owó rẹ̀. Àwọn ìdílé tí kò rí òkun rí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ rélùwéè lọ síbẹ̀. Òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ní oṣù kọkànlá 1952 ni àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà tó wà lábẹ́ Faransé daṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún náà, òfin iṣẹ́ fún àwọn ilẹ̀ òkè òkun jáde. Ìsinmi tí à ń gbowó fún wà nínú rẹ̀. Bàbá mi ń kọ̀wé ọjà fún ilé ìṣòwò òyìnbó kan ní Kútọnu. Ó máa ń sọ ọ́ fún wa bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe bi í pé oṣù wo ló fẹ́, tó ní oṣù kẹjọ. Inú ọ̀gá dùn, ó rò pé nítorí ọdún Màríà Mímọ́ tó wà nínú oṣù náà ni. Lábókò ni.

Ìyá mi ló jẹ́ Àgùdà nínú wọn. Ní 1954, ọdún tí Póòpù Pius Kejìlá yà sọ́tọ̀ fún Màríà, ihò àpáta Arigbo ní Ìdààṣà di ibi àdúrà sí i. Láti ìgbà náà ni èrò ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ ní àyíká ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Ìyá mi gba ọ̀nà yẹn mọ́ bàbá mi lọ́wọ́: bí a bá fẹ́ lọ jẹ iṣu ní Koko, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ní Ìdààṣà. Bàbá mi kì í jà sí i. Yóò jókòó sábẹ́ igi, yóò máa jẹ ẹ̀wà àti gàrí tí àwọn obìnrin ń tà fún àwọn arìnrìn-àjò, yóò ní kí Màríà bá òun kí àwọn ará ilé.

Ọjọ́ 15 yẹn náà ni ọdún iṣu Savalou. Màhì ni wọ́n, Gbaguidi ni orúkọ oyè ọba wọn, ìtàn wọn sì sọ pé Soha tó tẹ ìran ọba náà dó wá láti ìsàlẹ̀, ó bá àwọn Nàgó níbẹ̀. Ìlù, aṣọ ńláńlá, àwọn mínísítà láti Kútọnu, gbogbo rẹ̀ ló ń péjọ. Àwọn ará Savalou mọ ọdún ṣe jù wá lọ, mo gbà. Kí wọ́n má kàn ṣe bí ẹni pé àwọn ló dá iṣu. Ohun tí n kò lè bá wọn du ni gàrí wọn, sohui, tó kúná, tó gbẹ, tó ń dún lẹ́nu bí ẹ bá bu ún jẹ lásán. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é, láti Brazil ni àwọn Potogí ti gbé e wọ ilẹ̀ wa. Bí wọ́n ṣe ń yan án, tiwọn nìyẹn.

Bí a bá kúrò ní Savalou lọ sókè, a ó kan Dankoli lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń kan èèkàn igi mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń da epo sí i, tí wọ́n ń fẹ́ ọtí sí i lára, kí ohun tí wọ́n ń tọrọ lè tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Èmi kì í sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ wa máa ń dẹ eré, n kò bi í rí.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wàrà, èyí tí mo fi ń dá ọmọ mi lóhùn. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń gbé e wá sójú ọ̀nà nínú igbá. Omi ewé bomubọmu ni wọ́n fi ń mú kí mílíìkì dì, wọ́n á sì sè é pẹ̀lú pòròpórò ọkà bàbà kan tó ń mú ara rẹ̀ pupa, kó má tètè bàjẹ́. Ẹ gé e, ẹ dín in, ẹ jẹ́ kó rọ̀ nínú ọbẹ̀ ẹ̀pà, kẹ́ ẹ fi jẹ iyán lábókò. Àwọn tó dé láti Lyon ń jẹ wàrà Faransé ní tútù pẹ̀lú búrẹ́dì, ó dáa. N kò tíì rí èyí tó lè wọ inú ọbẹ̀ tó ń hó kó má yọ́ dànù.

Ní Koko, iyán àkọ́kọ́ kì í lọ́bẹ̀ púpọ̀. Òkìtì iyán, ọbẹ̀ ẹ̀pà, bóyá ẹran ọ̀yà bí ọdẹ bá ṣe déédéé. Ohùn odó láti ilé dé ilé ni àwọn ọmọ-ọmọ mi fẹ́ràn jù. Wọ́n máa ń bẹ àwọn ìbátan wọn pé kí wọ́n fún àwọn lọ́mọ odó, apá wọn á sì kọṣẹ́ kí iyán tó fà. Ọmọ mi fẹ́ràn àtiwá lóṣù kejìlá nítorí tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà, kòkòrò ló máa ń bá, àwọn iṣu kéékèèké tí a ń bó, tí a ń sá, tí a ń lọ̀ di èlùbọ́. Àmàlà ni yóò jẹ, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú báyìí ni kajú. Ó ti gba ilẹ̀ ní Bantè àti Savalou nítorí pé ó ń mú owó wọlé láàárín oṣù kejì sí ìkarùn-ún, nígbà tí kò sí owó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Lábókò kò sì gbà kí wọ́n gbin òun síbi tó ti rẹ̀. Ilẹ̀ tó ti sinmi pẹ́ ló ń fẹ́. Kajú kì í jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi, ó ń jókòó síbì kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àbúrò mi tó ń dáko ní Koko máa ń gbin iṣu sáàárín kajú nígbà tí igi ṣì kéré. Bí òjìji bá ti pàdé lókè, ó di dandan kó kó ebè rẹ̀ lọ síbòmíràn, ibòmíràn yẹn sì ń jìnnà sí i. Ó sọ fún mi pé kò ní pẹ́ mọ́ tí a ó máa ra iṣu ọdún wa lọ́jà Bantè bíi ti àlejò. Mo ní kó dá ilẹ̀ bàbá wa tó wà lẹ́bàá ọ̀nà sí fún iṣu nìkan. Ó ní ṣé èmi ni yóò máa san owó iléèwé àwọn ọmọ òun. A ṣì wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ náà.