Ọkọ̀ Ìjàpá ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ọjà títà ní ilẹ̀ òkèèrè mu. Nígbà tí Ben Pon, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, gbé ọkọ̀ Volkswagen dé New York ní oṣù kìíní ọdún 1949, ẹni tó kà á sí kò pọ̀. Ọkọ̀ náà, tí àwọn Yorùbá wá ń pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto, kéré, ariwo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Èyí tó tún burú jù ni pé lábẹ́ ìjọba Hitler ni wọ́n ti ṣètò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ tí ogun parí. Méjì péré ni wọ́n rí tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà.

Kí ló wá sọ ọkọ̀ tí a kọ̀ báyìí di èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ra ju 400,000 lọ ní ọdún 1968 nìkan?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpolówó ni. Lóòótọ́, ní 1959 ni ilé-iṣẹ́ Doyle Dane Bernbach bẹ̀rẹ̀ sí polówó ọkọ̀ náà. Wọn kò fi kíkéré rẹ̀ pa mọ́. Òun gan-an ni wọ́n fi ṣe ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà ti ń tà kí ìpolówó yìí tó dé. Heinz Nordhoff, tó di olórí ilé-iṣẹ́ náà ní 1948, gbà pé ibi tí kò bá sí pátì àti mẹkáníìkì tó mọṣẹ́, kò yẹ kí a ta ọkọ̀ níbẹ̀. Ìlànà yìí ni wọ́n tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí a fi Renault Dauphine ti ilẹ̀ Faransé wé e. Òun náà tà wàràwàrà ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí dógùn-ún, tí àwọn tó rà á kò sì tètè rí pátì tàbí ẹni tí yóò tún un ṣe, ọjà rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀.

Síbẹ̀, ìṣẹ́gun Volkswagen kò wà títí. Ọkọ̀ náà di ti àtijọ́, owó máàkì ilẹ̀ Jámánì gbówó lórí, àwọn ará Japan sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 1975, Toyota gba ipò iwájú lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ tí Volkswagen dá sílẹ̀ ní Pennsylvania ní 1978 kógbá sílé ní 1988. Ní ọdún 1975 yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Volkswagen pọ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ àjèjì yóò rọ́wọ́ mú, kó má wo ọjọ́ tí wọ́n já a sílẹ̀ ní èbúté. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ bàjẹ́ ni kó wò.