Ohùn Tó Mọ Orúkọ Ìlú: Títún Ohùn Ètò Akàwé Kọ̀ǹpútà Ṣe fún Aláìríran ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Nínú gbogbo ohun tí ètò akàwé kọ̀ǹpútà gbà kí ẹni tó ń lò ó yí padà, èwo ló ṣe aláìríran tó ń ka Yorùbá ní Ìjerò, Arámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láǹfààní, èwo ló sì ń dí i lọ́wọ́? Ìbéèrè tí mo gbé yẹ̀wò níhìn-ín nìyẹn. Ètò akàwé ni ètò tó ń fi ohùn àtọwọ́dá ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà jáde fún ẹni tí kò ríran. Ìyára ohùn àti bó ṣe ga sí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Lójú tèmi, ìwọ̀nyẹn kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń pe ọ̀rọ̀, àti bó ṣe ń lo òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn, ni iṣẹ́ pọ̀ sí.

Ohùn àtọwọ́dá kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1984 ni ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ DECtalk jáde. Dennis Klatt tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lo ohùn ara rẹ̀ láti ṣe èyí tí wọ́n sọ ní Perfect Paul. Ted Henter, tí ìjàǹbá ọkọ̀ gba ojú rẹ̀ ní 1978, gbé ètò akàwé JAWS jáde ní Amẹ́ríkà ní 1989. JAWS dára, àmọ́ owó rẹ̀ ju owó oṣù tíṣà wa lọ fíìfíì. Ètò akàwé NVDA ló sọ ọ̀rọ̀ di ìrọ̀rùn fún tálákà: Michael Curran, aláìríran ọmọ Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, James Teh tí òun náà kò ríran sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni. Ohùn tó bá a wọlé ni eSpeak NG, tí Jonathan Duddington kọ baba rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà Acorn láti 1995. Kì í ṣe ohùn ènìyàn kankan tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n fi ń dá ìró rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń dún bí ẹ̀rọ, tó sì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọn nǹkan kan. Kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà àlòkù ọdún gbọọrọ sì lè gbé e. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá tó ń lọ, tí iná sì ń ṣe bó ti wù ú, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Bí a ṣe ń tún ohùn náà ṣe kò le. Bọ́tìnì Insert ni wọ́n ń lò bíi bọ́tìnì NVDA. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ Control àti V, ojú-ewé ìṣètò ohùn á ṣí. Ẹni tó bá ń kánjú lè tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ Control àti ọfà: ọfà ọ̀tún àti òsì ń yan ohun tí a fẹ́ yí, ọfà òkè àti ìsàlẹ̀ ń fi kún un tàbí dín in kù. Tí wọn kò bá yí i, eSpeak máa ń sọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 175 ní ìṣẹ́jú kan. Ó lè yára dé 450, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n lò a máa fi ìyára yìí ṣe fáàrí, wọn kò sì jẹ̀bi, torí ẹni tí ojú rẹ̀ là náà kì í ka ìwé ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbọ́. Ní Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ru ohùn tirẹ̀, bí ìyára bá sì ti pọ̀ jù, ohùn náà kò ní ráyè hàn.

Gíga ohùn kò léwu. A lè gbé gbogbo rẹ̀ sókè bíi ti ọmọdé tàbí kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bíi ti àgbàlagbà, nítorí sílébù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílébù la fi ń mọ èyí tó wà lókè. Ìṣètò tó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni èyí tó ń pinnu bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò tó nínú gbólóhùn. Ọ̀pọ̀ ló ń dín in kù kí ohùn lè tẹ́ pẹrẹsẹ kó sì yá létí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, orin gbólóhùn nìkan ló máa ń sọnù. Tí ẹ̀rọ bá ń sọ Yorùbá, tí a sì fà á wálẹ̀ sí òdo, ọ̀rọ̀ gan-an ló sọnù.

Èkejì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá. Bí NVDA ṣe wá, tí a bá ń ka lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbé ohùn sókè fún lẹ́tà ńlá. Ẹni tó ń tẹ Yorùbá, tó gbọ́ tí Ẹ lọ sókè, yóò bi ara rẹ̀ pé ṣé lẹ́tà ńlá ni àbí àmì ohùn òkè ló wà lórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni kí a sọ iye yẹn di òdo, kí a wá yan kí ẹ̀rọ dún bíìpù fún lẹ́tà ńlá.

Ibi tí agbára wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó jù ni àkójọ ọ̀rọ̀ pípè. Wo orúkọ àwọn ìlú wa. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì tó bá bá Efon pàdé lè pè é bí ẹni ń pe Ìfọ́n, ìlú mìíràn pátápátá. Aramoko sì lè di orúkọ ará Japan. Nínú àtòkọ NVDA, a ó lọ sí àkójọ ọ̀rọ̀ pípè, a ó tẹ Add, a ó kọ Efon sí àyè àkọ́kọ́, a ó sì kọ "eh fawn" sí àyè ìpààrọ̀. Ìwé tí à ń kà kò ní yí padà, ohun tí etí ń gbọ́ nìkan ló yí. Ó yẹ kí a yan pé odindi ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá kọ Ado sílẹ̀ láìṣe bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ Adó-Èkìtì nínú "shadow" àti "meadow". Òkè-Ìmẹ̀sí tún le jù wọ́n lọ, nítorí àwọn kan ń kọ Okemesi, àwọn kan Oke-Imesi, àwọn mìíràn Oke Imesi. Dípò ìlà mẹ́ta, a lè yan regular expression, ìyẹn àpẹẹrẹ kan tó lè bá onírúurú ìkọ mu, kí a kọ Oke[- ]?I?mesi, ìlà kan á sì kó gbogbo wọn. Mo fẹ́ràn irú iṣẹ́ ọwọ́ yìí, àmọ́ àbùlẹ̀ ni: kò lè gbé ohùn òkè àti ìsàlẹ̀.

Kí ohùn tilẹ̀ tó dé, ìwé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Ọ ni a ń kọ, kí a tó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e. Ohùn tí kò mọ Yorùbá lè fo àmì náà, ó sì lè dárúkọ rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Láti ẹ̀dà 2024.3, NVDA lè sọ onírúurú ọ̀nà ìkọ lẹ́tà kan náà di ọ̀kan, àmọ́ àmì orí ọ̀ ṣì dá dúró bẹ́ẹ̀ náà. Èyí tó burú jù ni àṣà àwọn atẹ̀wé wa tó ń fi ìlà sábẹ́ e kó lè jọ ẹ. Ojú rí ẹ, ẹ̀rọ rí e lásán. Kò sí ìṣètò ohùn tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ohùn Yorùbá gan-an ńkọ́? Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti Ifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 2006 lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè ṣe ìṣirò ìgbésókè àti ìrẹ̀sílẹ̀ ohùn Yorùbá àjùmọ̀lò. Onímọ̀ èdè Kọ́lá Túbọ̀sún wà lára àwọn tó kó ohùn Yorùbá jọ pẹ̀lú Google, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2020. Ní 2023, Meta gbé ohùn jáde fún èdè tó lé ní 1,100, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Kíka Májẹ̀mú Tuntun ni wọ́n fi kọ́ ọ, nítorí náà kí ó má yà wá lẹ́nu bó bá ń ka iye owó iṣu bí ẹni dúró nídìí pẹpẹ. Ohùn irú èyí wúwo fún kọ̀ǹpútà àlòkù, kì í sì í tètè dáhùn bí a bá ń tẹ bọ́tìnì kíákíá, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn kíákíá ni aláìríran ń wá ju ẹwà ohùn lọ.

Fún ìdí yìí, ọ̀nà eSpeak ni mo fara mọ́. Ó ti ń sọ èdè olóhùn: Mandarin, Cantonese, àti Vietnamese tó ní ohùn mẹ́fà. Mẹ́ta péré ni tiwa. Òfin ìpè rẹ̀ jẹ́ fáìlì tí ènìyàn lè ṣí kó kà, kó sì tún kọ. Níbẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Èkìtì ti lè wọlé. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ulé, ùlú àti ugbá ló wà lẹ́nu àwọn ará Ìjerò, ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sì ń wọnú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù. Òfin u yìí kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Ohùn sílébù tó tẹ̀ lé ara wọn ni yóò gba àkókò, pàápàá bí ohùn òkè ṣe ń gùn wá láti ìsàlẹ̀ nígbà tó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, bí a ti ń gbọ́ ọ nínú ùlú. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè fi orúkọ ìlú ṣe ìdánwò: Ìjerò, Ìpótì, Arámọkọ, Òkè-Ìmẹ̀sí, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ pè wọ́n fún ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, láìsọ fún un ṣáájú ìlú tí ó ń bọ̀.