Láti Ìkòkò Aró Kémta dé Bọ́ọ̀dù Sẹ́kíìtì

Agbo ilé Jojola ní Kémta, l'Ábẹ́òkúta, ni ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀gbá ń tọ́ka sí pé àdìrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ a máa fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un.

Ọgbọ́n ńlá ni, òun náà ló sì wà nídìí bọ́ọ̀dù sẹ́kíìtì. Paul Eisler, ọmọ Austria, ṣe rédíò oníbọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1936. Ẹni tó ń ṣe bọ́ọ̀dù náà nílé lónìí á fi máákà tí omi kì í pa rẹ́ ya ọ̀nà iná sórí fáíbà tí wọ́n lẹ bàbà mọ́, á wá rì í sínú kẹ́míkà ferric chloride. Bàbà tí máákà kò bò á yọ́ dànù.

Ó ku kó lu ihò. Ìbòmú ṣe pàtàkì, torí eruku fáíbà.